Ọ̀ta tí kò jọba: ìgbésí ayé Gideon Ståhlberg

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ níwájú àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì àti àwọn òbí wọn. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́, àyàfi ibi tí mo ti wúkọ́.)

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níjòókòó, mo kí yín. Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin òbí tí ẹ fi òwúrọ̀ Sátidé sílẹ̀ torí ọmọ, ẹ kú làálàá. Ẹ̀yin ọmọ mi tí pátákó wà níwájú yín, mo rí yín o. Ẹ fi ẹṣin yẹn sílẹ̀ díẹ̀, kò ní sá lọ.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa ọ̀kan nínú àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ eré ṣẹ́ẹ̀sì. Mo mọ̀ pé Fischer lẹ ń retí, tàbí Kasparov, tàbí Carlsen. Àwọn yẹn jọba. Ẹni tí mo mú wá lónìí kò jọba rí, kò tilẹ̀ jókòó dojú kọ ọba fún adé rí. Orúkọ rẹ̀ ni Gideon Ståhlberg, ọmọ ilẹ̀ Swídìn. Ta ló ti gbọ́ orúkọ yẹn rí níbí? Ẹ nawọ́ kí n rí i. Ọwọ́ kan. Ọwọ́ kan ṣoṣo, ti olùkọ́ yín sì ni.

Kí ló wá dé tí mo mú un? Ní ìdí ayò ọlọ́pọ́n, oríṣi ènìyàn méjì làwọn bàbá wa ní ó wà: ọ̀ta àti òpè. Ẹni tó pa ni ọ̀ta, ẹni tí wọ́n pa ni òpè. Ìgbà tí mo ka ọ̀rọ̀ Ståhlberg ni mo rí i pé ẹnì kan tún wà tí a kò fún lórúkọ: ẹni tí àwọn ọ̀ta méjì ń wá kiri nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dojú kọ ara wọn, tí wọ́n sì ń fẹ́ ẹni tí yóò jókòó sáàárín. A ó dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ti ilé bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ ẹ̀bá Göteborg

Ọjọ́ 26 oṣù Kínní ọdún 1908 ni wọ́n bí i, nítòsí Göteborg, ìlú èbúté ńlá tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Swídìn. Ọmọ ọdún 19 ni nígbà tó borí gbogbo ilẹ̀ Swídìn ní 1927. Ní 1929, ó di ọ̀ta gbogbo àwọn orílẹ̀-èdè àríwá Yúróòpù, oyè yẹn kò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí di 1939. Ọdún mẹ́wàá gbáko!

Ẹ má rò pé òun nìkan ló dá wà o. Àwọn méjì mìíràn wà tí wọ́n jọ dàgbà sídìí eré náà, Gösta Stoltz àti Erik Lundin. Bí ẹ bá dárúkọ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí ní Swídìn nígbà náà, ẹ ti dárúkọ gbogbo wọn. Ní 1935, gbogbo ayé pé jọ sí Warsaw fún Òlíḿpíádì ṣẹ́ẹ̀sì. Amẹ́ríkà ló ṣe ipò kìíní. Ta ló ṣe ipò kejì? Swídìn! Pólàndì tó gbàlejò gan-an, ẹ̀yìn wọn ló wà. Ènìyàn ilẹ̀ Swídìn nígbà yẹn kò ju mílíọ̀nù mẹ́fà àti díẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n mo ti fo ohun kan, ó sì yẹ kí n padà síbẹ̀ nítorí ẹ̀yin ọmọ tó máa ń sunkún bí wọ́n bá pa yín. Ẹ má wojú ara yín, mo mọ ẹni tí mo ń bá wí. Ní Òlíḿpíádì 1930, ní Hamburg, Ståhlberg jókòó síwájú Alexander Alekhine. Alekhine ni ọba ayé nígbà náà, Faransé ló sì ń ta fún. Ståhlberg jẹ́ ọmọ ọdún 22. Ó mú funfun, ọba mú dúdú. Ọba náà sì nà án. Ó nà án débi pé wọ́n fún eré yẹn ní ẹ̀bùn ẹwà. Ẹ wo irú ọ̀rọ̀ yìí ná: wọ́n nà ọ́ tán, wọ́n wá fún ẹni tó nà ọ́ lẹ́bùn torí pé ìnà yẹn dára lójú! Eré náà wà nínú ìwé títí dòní olónìí. Gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá ṣí ojú ewé yẹn, wọ́n tún ń na Gideon ni.

Kí ni ọmọkùnrin yìí wá ṣe? Ṣé ó lọ sílé lọ bò mọ́lẹ̀ ni? Ní 1933, ó pe Rudolf Spielmann síta. Ará Vienna ni Spielmann, ẹni tó máa ń fi ilé ìṣọ́ rúbọ, tó máa ń fi ẹṣin rúbọ, bí ẹni ń fún adìẹ ní àgbàdo, kó ṣáà lè dé ẹnu ọ̀nà ọba rẹ. Ståhlberg borí rẹ̀. Ní ọdún kejì, 1934, ó kojú Aron Nimzowitsch. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi ọ̀nà tí à ń pè ní Nimzo-Indian bẹ̀rẹ̀ eré níbí yìí, bàbá yẹn ló ni orúkọ tí ẹ ń pè. Ọmọ Riga ni, Copenhagen ló fi ṣe ibùgbé, àwọn èrò rẹ̀ lórí eré yìí ṣì wà ní ẹnu àwọn olùkọ́ títí di òní. Ó ti ń sún mọ́ ẹni àádọ́ta ọdún, Ståhlberg jẹ́ 26. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ọmọ yìí kó aṣọ, ó tún kó àkísà. Ó borí Nimzowitsch náà. Oṣù Kẹta ọdún 1935 ni bàbá náà jáde láyé.

Nígbà tó di 1938, ó bá Paul Keres ta, ọmọ Estonia tí gbogbo ayé ń wò bí ẹni tí yóò jọba lọ́la. Ọ̀mì ni wọ́n ta. Ní ọdún náà lọ́hùn-ún, bí ẹnikẹ́ni bá ní Ståhlberg lè di ọba ayé, wọn ò ní fi í rẹ́rìn-ín.

Ìrìn-àjò tó di ọdún mẹ́sàn-án

Ẹ jẹ́ ká wá kọjá sí Buenos Aires. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a pẹ́ sí díẹ̀.

Ní 1939, Argẹntínà ló gbàlejò Òlíḿpíádì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìdíje náà máa kúrò ní Yúróòpù. Ọkọ̀ òkun kan tó ń jẹ́ Piriápolis ló kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń bọ̀ láti Yúróòpù. Ó gbéra ní Antwerp ní ìparí oṣù Keje, ó sì di inú oṣù Kẹjọ kí wọ́n tó gúnlẹ̀. Orílẹ̀-èdè 27 ló pé jọ sínú gbọ̀ngàn Politeama. Alekhine wà níbẹ̀ fún Faransé. Capablanca wà níbẹ̀ fún Kúbà. Ståhlberg wà níbẹ̀ fún Swídìn.

Ìdíje ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí ìròyìn dé. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án: Jámánì ti ya wọ Pólàndì.

Ẹ fojú inú wò ó. Inú gbọ̀ngàn kan náà ni ọmọ Jámánì àti ọmọ Pólàndì wà. Wọ́n ń ṣí ọmọ ogun onígi lórí pátákó, nílé lọ́hùn-ún, ọmọ ogun ẹlẹ́ran-ara ti ń wọ ìlú. Báwo lẹ ṣe máa ṣe é? Ẹ máa bọ ara yín lọ́wọ́ ni? Àwọn Gẹ̀ẹ́sì di ẹrù wọn, wọ́n gba ilé lọ. Àwọn tó kù dúró, ṣùgbọ́n àwọn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni kò lè ta. Ti Jámánì àti Pólàndì, wọn kò ṣí ẹyọ igi kan, wọ́n kàn pín àmì náà sí méjì-méjì ni. Nígbà tí wọ́n ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, Jámánì ní 36, Pólàndì ní 35½. Ààbọ̀ àmì ló là wọ́n láàárín! Swídìn ṣe ipò kẹrin.

Eré parí. Ó wá ku ẹni tí yóò wọkọ̀ padà. Ọkọ̀ ogun abẹ́ omi ti ń rìn káàkiri òkun. Ọ̀pọ̀ wọn ló wo ojú òkun, tí wọ́n wo ẹ̀yìn, tí wọ́n sì jókòó sí Argẹntínà. Àwọn ọmọ Jámánì jókòó. Àwọn ọmọ Pólàndì jókòó. Erich Eliskases, ọmọ Ọ́stríà tó ta fún Jámánì, jókòó. Moshe Czerniak tó wá láti Palestine jókòó.

Èyí tó ń pa mí lẹ́kún jù nínú wọn ni Najdorf. Júù ni, ọmọ Pólàndì, ẹni ọdún 29. Ìyàwó rẹ̀ wà nílé, ọmọ rẹ̀ wà nílé, àwọn òbí rẹ̀ wà nílé, ìròyìn kankan kò sì wá láti ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Ọgbọ́n wo ló dá? Ní 1943, ní ìlú Rosario, ó jókòó láì wo pátákó, ó sì bá ogójì ènìyàn ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ogójì pátákó, orí ni ó fi ń rí gbogbo wọn! Ó ní òun ṣe é kí ìwé ìròyìn lè gbé e kárí ayé, bóyá ẹnì kan nínú àwọn ará ilé òun á rí orúkọ òun kà, kí ó sì mọ̀ pé òun wà láàyè. Ìwé ìròyìn gbé e lóòótọ́. Kò sí ẹni tó dáhùn nílé. Àwọn Násì ti pa wọ́n.

(Mo dákẹ́ díẹ̀ níbí yìí. Ìyá kan ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ń sọ pé "áà, áà".)

Ti Ståhlberg yàtọ̀. Ogun kò dé ilé rẹ̀, Swídìn kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, kò padà sílé títí ogun fi parí ní 1945, kò padà títí ọdún mẹ́ta mìíràn fi kọjá. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn títí kí onílé má relé. Mo gbé òwe yìí lé ọkùnrin yìí lórí, kò gbà á. Èyí tó gbà á ni pé ibi tí ayé bá bá ni là á ti í jẹ ẹ́. Òun àti Najdorf ni wọ́n jọ ń fa ipò kìíní mọ́ ara wọn lọ́wọ́ káàkiri Argẹntínà. Ní 1941, ní Mar del Plata, ìlú etíkun tí àwọn olówó máa ń lọ fún ìsinmi, ó borí Najdorf, ó borí Eliskases. Lọ́dún kan náà, ní Buenos Aires, òun àti Najdorf jọ ṣe ipò kìíní. Nígbà tó di 1947, Max Euwe tó ti jọba ayé rí wá láti Nẹ́dálándì. Ståhlberg fi Euwe sẹ́yìn, ó fi Najdorf sẹ́yìn, ó fi Eliskases sẹ́yìn.

Argẹntínà náà jèrè o. Ilé tí àlejò bẹ́ẹ̀ bá kún, ọmọ ilé á kọ́ṣẹ́. Ní 1950, 1952 àti 1954, léraléra, Argẹntínà ló ṣe ipò kejì lágbàáyé, Najdorf ló sì ń jókòó síwájú fún wọn.

Ẹ wá wo àwọn tí kò sí lájò. Ẹ rántí Spielmann, ará Vienna tó ń fi ẹṣin rúbọ? Júù ni òun náà. Nígbà tí Hitler gba Ọ́stríà, ó sá. Ó sá títí ó fi dé ibo? Swídìn! Stockholm ló kú sí nínú oṣù Kẹjọ 1942, nínú òṣì. Ọmọ Swídìn wà ní Buenos Aires, ará Vienna ń kú lọ ní Swídìn. Bí ẹni ń kó ọmọ ayò láti ojúlé kan sí òmíràn ni ayé ṣe pín wọn. Vera Menchik náà ńkọ́? Obìnrin tó mọ eré yìí jù láyé ni. Buenos Aires yìí kan náà ló ti tún gba oyè ti àwọn obìnrin ní 1939. Ó padà sí ilé rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kẹfà 1944, bọ́ǹbù Jámánì wó ilé lé e lórí ní London, òun, ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ta ló yan ire nínú àwọn tó dúró àtàwọn tó lọ? Èmi ò lè dá ẹjọ́ yẹn.

Ipò kẹẹ̀dógún

Ó padà sílé ní 1948. Mo fẹ́ yára kọjá níbí, nítorí ibi tí mo ń lọ ṣì wà níwájú. Àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, FIDE, ti ṣètò àtẹ̀gùn tuntun tí ènìyàn á máa gùn kí ó tó lè kojú ọba. Ståhlberg gùn ún. Ó ṣe ipò kẹfà ní Saltsjöbaden, létí Stockholm, ní 1948, ìyẹn gbé e dé Budapest ní 1950, ó sì ṣe ipò keje níbẹ̀. Lọ́dún yẹn náà ni FIDE kọ́kọ́ fi oyè grandmaster jẹ àwọn ènìyàn, èyí tí èmi máa ń pè ní ọ̀ta àgbà. Ènìyàn 27 péré ni wọ́n mú ní gbogbo ayé. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ní 1952, ó tún gùn ún, ó ṣe ipò karùn-ún. Ó wá dé Zürich ní 1953. Ènìyàn 15, kálukú ta eré 28. Smyslov ló gbégbá orókè. Ståhlberg ní àmì 8. Ipò wo nìyẹn? Ipò kẹẹ̀dógún, nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ẹ má rẹ́rìn-ín jù. Nígbà tí mo wà nílé ìwé, mo gbé káàdì èsì ìdánwò lọ bá bàbá mi, mo fi àtàǹpàkò bo iye tí a jẹ́ ní kíláàsì. Wọ́n ní, "Gbé ọwọ́ kúrò." Ståhlberg kò ní láti bo ohunkóhun. Kíláàsì yẹn, ẹni tó ṣe ìkẹyìn níbẹ̀ lè lọ káàkiri Yúróòpù kó máa na ènìyàn láti ìlú dé ìlú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n má purọ́ fún yín, òun náà mọ̀ pé ìtẹ́ ti kọjá òun. Ẹni ọdún 45 ni, àwọn ọmọ Sófíẹ̀tì sì ti gba eré náà.

Ẹni tó ń pa ìwé mọ́ lóru

Bí mo ṣe ń bọ̀ ni mo dé yìí o.

Láti 1957 dé 1963, ìgbà márùn-ún ni wọ́n jà fún adé ayé ní Moscow. Ẹ bá mi kà á: Smyslov gbà á lọ́wọ́ Botvinnik ní 1957. Botvinnik gbà á padà ní 1958. Tal gbà á ní 1960. Botvinnik tún gbà á padà ní 1961. Bàbá yẹn le! Petrosian gbà á ní 1963, ó tán. Ìgbà márààrún, ta ló jókòó bí olórí onídàájọ́? Gideon Ståhlberg, ọmọ Swídìn.

Ẹ má fojú kéré iṣẹ́ yẹn. Nígbà náà, eré kì í parí lọ́jọ́ kan. Wákàtí méjì àti ààbọ̀ ni kálukú ní láti fi ṣí igi ní ìgbà ogójì. Bí alẹ́ bá lẹ́ tí eré kò tíì parí, ẹni tó kàn kò gbọdọ̀ ṣí igi lójú ẹnikẹ́ni. Á kọ ohun tó fẹ́ ṣí sórí ìwé, á fi sínú àpòòwé, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ pa. Onídàájọ́ ló máa gbé e pa mọ́ di ọjọ́ kejì. Ẹ rò ó wò: adé gbogbo ayé wà nínú àpòòwé, ẹgbẹ́ méjèèjì kò sùn, wọ́n ń da orí rú pé kí ló kọ síbẹ̀, ọwọ́ ẹnì kan ló sì wà. Ta lẹ máa gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún? Àwọn tó ń du adé yìí kò fẹ́ràn ara wọn dandan, Botvinnik ní pàtó kì í fọkàn tán ènìyàn. Síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kò ní kí wọ́n má mú Ståhlberg wá mọ́. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ọkùnrin yìí kò jẹ oúnjẹ òṣìkà.

Ní 1960, Mikhail Tal jẹ́ ọmọ ọdún 23, Botvinnik fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 49. Ibi ìṣeré Pushkin ni wọ́n ti ń ta, èrò kún fọ́fọ́. Eré kẹfà dé. Ìṣísẹ̀ kọkànlélógún, Tal gbé ẹṣin rẹ̀, ó gbé e ka ojúlé tí à ń pè ní f4. Ẹnikẹ́ni kò lé e. Ó kàn fi í síbẹ̀ bíi pé ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ ẹ́." Gbọ̀ngàn bú! Ọ̀kan ní ó ti bàjẹ́, òmíràn ní ó ti pa á, kálukú ń bá ẹnìkejì jiyàn.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ mọ ìdí ayò wa. Bí ẹ bá ń ta ayò ọlọ́pọ́n lábẹ́ igi, ariwo òǹwòran jẹ́ ara adùn rẹ̀. Wọ́n á yọ òpè lẹ́nu, wọ́n á kọ́ ọ̀ta ní ohun tó ti mọ̀. Ṣẹ́ẹ̀sì kò gba ìyẹn. Botvinnik ní ariwo yìí kò jẹ́ kí òun ronú, kí wọ́n gbé eré kúrò níbẹ̀. Tal náà gbà. Ni wọ́n bá gbé eré ìdíje adé ayé kúrò lójú èrò, wọ́n gbé e wọ yàrá ẹ̀yìn. Tal ló jẹ eré náà. Nígbà tó yá, àwọn tó fara balẹ̀ wò ó nílé rí ọ̀nà tí Botvinnik ìbá fi bọ́. Nílé ni o, níbi tí aago kì í ti í dún.

Mo máa ń rò ó pé kí ni Ståhlberg ń rò nínú yàrá yẹn. Ọgbọ̀n ọdún ti kọjá lẹ́yìn Hamburg. Òun náà ti jókòó níwájú ọba rí, òun náà mọ bó ṣe rí kí wọ́n nà ọ́ lọ́nà tó dára lójú. Kò sí nínú gbọ̀ngàn yẹn ẹni tó mọ ohun tó ń gba inú Botvinnik kọjá tó o, àyàfi Tal tó ṣe é sí i.

Kò yé ta títí. Ní oṣù Karùn-ún 1967, ó lọ sí Leningrad láti lọ kópa nínú ìdíje kan. Ibẹ̀ ló kú sí ní ọjọ́ 26 oṣù náà, ẹni ọdún 59. Ọ̀nà àjò náà ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká to pátákó ńlá yẹn. Eré kẹfà ni a ó tò, títí dé ibi tí ẹṣin ti bọ́ sí f4. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ó yẹ kí Botvinnik jẹ ẹṣin náà, ẹ bọ́ sí apá ọ̀tún. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé kò yẹ, ẹ bọ́ sí òsì. Ẹni tó bá sì pariwo, a ó gbé pátákó wọ yàrá ẹ̀yìn.